Fèrèsé Tí Wọ́n Tì Nítorí Òwú

Omi ń hó nínú ìkòkò ńlá lẹ́yìn ilé ìdáná. Kì í ṣe oúnjẹ ló wà níbẹ̀. Aṣọ ni. Ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́, àpò ìrọ̀rí, búláùsì tó ti ṣá, gbogbo rẹ̀ ń yí po nínú omi gbígbóná. Ìyá Ṣọ́ra mú igi gígùn kan dání, ó ń tẹ̀ wọ́n rì bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sá jáde.

Ìyá Ṣọ́ra kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi pè é nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba sì ní kónílé ó gbélé. Láti ọjọ́ náà, "ẹ ṣọ́ra" ni ìyàwó rẹ̀ fi ń jí, òun náà ló fi ń sùn. Ẹ ṣọ́ra fún irin géètì. Ẹ ṣọ́ra fún páálí ẹyin. Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ jáde. Ọkọ náà ní bí adìyẹ bá lè sọ̀rọ̀, ẹ ṣọ́ra ni àwọn adìyẹ oko àwọn ìbá máa fi kí ara wọn láàárọ̀.

Ìyàwó náà kò bínú sí i. Ẹ̀rù ń bà á ni. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ìwé mẹ́fà ló kà, rédíò kékeré ilé ìdáná sì ni olùkọ́ rẹ̀. Láràárọ̀ ni rédíò ń ka iye àwọn tó kú. Ó ń sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe pẹ̀lú, àmọ́ bí wọ́n bá ti dárúkọ òkú báyìí, etí obìnrin náà á di. Ohun tó bá ṣáájú òkú nìkan ló máa ń gbọ́.

Ohun tó sì gbọ́ ni pé àrùn náà lè wà lára nǹkan téèyàn fọwọ́ kàn. Ó di ìyẹn mú ṣinṣin. Kò di òmíràn mú mọ́ ọn.

Àwọn mẹ́rin ló wà nínú ilé oko náà: òun, ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin wọn tó kó wálé nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé gíga pa, àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ọkọ rẹ̀. Ilé adìyẹ méjì ni wọ́n ní àti ilẹ̀ àgbàdo kan. Wáyà ló pààlà oko wọn àti ti onímàlúù. Kò sẹ́ni tó ń wá kí wọn mọ́. Ọjọ́ gùn bí ọjọ́ ẹni tó ń dúró de lẹ́tà.

Ìyá Àgbà ló mú ọ̀rọ̀ ìbora alábùlẹ̀ wá. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin wà ní ìlú ńlá, oyún rẹ̀ ti di oṣù méje. Nínú ìdílé yẹn, ọmọ tuntun kì í sun abẹ́ ìbora tí wọ́n rà. Gbogbo ará ilé ló máa ń mú aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ gbó wá. Wọ́n á gé e sí ègé onígun mẹ́rin, wọ́n á tò ó pọ̀, wọ́n á tẹ́ òwú sáàárín òun àti aṣọ ìsàlẹ̀, wọ́n á wá na gbogbo rẹ̀ sórí férémù igi, wọ́n á sì fọwọ́ rán an mọ́ra. Maṣíìnì kò gbọdọ̀ kàn án. Ìyá Àgbà ní maṣíìnì kò mọ ọmọ tó ń ránṣọ fún.

Àárín gbùngbùn rẹ̀, Ìyá Àgbà ní ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ olóògbé ọkọ òun ni yóò wà níbẹ̀. Ìyá Ṣọ́ra kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ti wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́ta, ta ló mọ ohun tó wà lára rẹ̀? Ìyá Àgbà wò ó. Ó ní bí àrùn ọ̀hún bá ti wà nínú àpótí òun láti ọdún mẹ́ta, a jẹ́ pé òun ló yẹ kí ìjọba wá bi léèrè.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé ìkòkò kaná. Ó se gbogbo aṣọ. Ó sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ wọ́n níwá lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó jẹ́ kí wọ́n kó wọn wọ yàrá tí wọ́n ti ń to ẹyin tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n gbé férémù sí.

Yàrá náà kéré. Férémù gbà á tán, ó ku ibi tí àga mẹ́rin lè wà. Òwú tí wọ́n ń fọwọ́ tú sì fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ òròmọdìyẹ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, ó ti fò dé ìhà ibẹ̀ yẹn. Ìyá Àgbà bá ní kí wọ́n ti fèrèsé méjèèjì. Ìyá Ṣọ́ra tì wọ́n tayọ̀tayọ̀, torí lójú tirẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ìta ni ibi ti ń bọ̀. Ó tún fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ìyá Onímàlúù, ìyàwó aládùúgbò tó ni màlúù lódìkejì wáyà, náà wá rán tirẹ̀ mọ́ ọn, torí ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà sí. Ìyá Ṣọ́ra ní kó fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kó sì ró ìró tí wọ́n ti sè. Obìnrin náà ní ó ku kí wọ́n se òun alára. Nígbà tó ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ó wọlé, ó jókòó, orúnkún rẹ̀ ń kan orúnkún Ìyá Àgbà.

Báyìí ni àwọn obìnrin mẹ́rin ṣe ń jókòó yí férémù ká lọ́sàn-án, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn, wọ́n ń rán, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú Ìyá Àgbà kò ríran dáadáa mọ́, Ìyá Ṣọ́ra ló ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Á fi ẹnu rẹ òwú náà, á fi eyín já a, á tì í wọ ojú abẹ́rẹ́, á fi lé e lọ́wọ́. Kò ronú nípa rẹ̀. Bí ìyá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òwú ìránṣọ funfun tán. Ìjọba gba àwọn tó ń ta oúnjẹ láyè láti jáde, ọkọ rẹ̀ sì ń gbé ẹyin lọ sí ìlú. Ìyá Ṣọ́ra bá a lọ. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó di ìbòmú. Ṣọ́ọ̀bù olówùú há bí ìgò, èèyàn bíi mẹ́jọ ló ń dúró níbẹ̀, kálukú ti fa ìbòmú rẹ̀ sí àgbọ̀n. Ọlọ́jà ò gbọ́ ohun tó ń sọ, òun náà bá fa tirẹ̀ wálẹ̀. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ níbẹ̀.

Nígbà tó délé, ó se òwú náà. Ó sè é bí ẹni ń se ẹyin. Òwú lọ́ pọ̀ mọ́ra bí irun orí àgbàdo, ọmọbìnrin rẹ̀ sì fi odidi ọ̀sán kan tú u. Ìyá Onímàlúù ní ọjọ́ tí Ìyá Ṣọ́ra bá kú, bó bá dé ọ̀run, omi gbígbóná ni yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ṣọ́ra ń lọ aṣọ nínú ilé ìdáná. Ègé aṣọ aláwọ̀ búlúù ló wà níwájú rẹ̀, lára aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Orí ń fọ́ ọ díẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ náà, ó yíjú wo ìta, ó gbàgbé. Ọkọ rẹ̀ ló sáré wọlé láti ilé adìyẹ, tó já wáyà iná.

"Ṣé o ò gbóòórùn ni?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Òórùn wo?"

"Ilé ń jóná, o ní òórùn wo."

Ó wolẹ̀. Èéfín ń rú lójú rẹ̀, àpá áyọ́ọ̀nù ti dúdú sórí aṣọ búlúù náà bí ilẹ̀kùn kékeré kan. Ó tẹ imú mọ́ ọn. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá Àgbà ti fi ọ̀pá rìn débẹ̀. "Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀," ni ó wí. "Kòrónà ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rù ẹ̀ ti jí i nímú lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àárẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n jẹun ọ̀sán, ó bá ọmọ rẹ̀ wí pé kò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ọmọ náà ní òun fi sí i. Ọkọ tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ fẹ́ pọ̀jù. Obìnrin náà bínú dìde. Ó kó ègé aṣọ rẹ̀, ó lọ jókòó sídìí férémù, ó fi ẹnu rẹ òwú, ó fi bọ abẹ́rẹ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ṣe é lọ́jọ́ kejì, ó ṣe é lọ́jọ́ kẹta.

Rédíò ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ẹni tí kò bá gbóòórùn mọ́ lójijì, tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, kó sì ké sí elétò ìlera. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá ka iye òkú tán ni wọ́n máa ń sọ ìyẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní òwú ló wọ òun lọ́fun. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Òwú ń fò nínú yàrá náà bí eruku. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ gbóná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Wọ́n gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ìbora tí wọn kò tíì rán parí wà lórí férémù, abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sára rẹ̀ níbi tó bá iṣẹ́ dé.

Ìyá Ṣọ́ra mọ̀. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún mọ̀. Ẹ̀rù sì wá dì í lẹ́nu.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ní kí wọ́n pe nọ́ńbà tí wọ́n ń kéde. Ó ní rárá.

"Kí wọ́n wá gbé e lọ?" ni ó wí. "Ta lo mọ̀ tí wọ́n gbé lọ tó padà?"

"Màmá, ta lẹ mọ̀ tí wọ́n gbé lọ rárá?"

Kò rí ẹnì kan dárúkọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́, àbí? Wọ́n ní inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì wọ́n sí. Wọ́n ní ọmọ kì í rójú ìyá rẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wolẹ̀. Kò ti ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn, kò ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ kan lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi aṣọ bo Ìyá Àgbà, wọ́n ní kó máa fa ooru omi gbígbóná símú. Wọ́n ti fèrèsé yàrá rẹ̀ kí òtútù má baà lù ú. Ọjọ́ kejì náà tún lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ìyá Àgbà fẹ́ bèèrè omi, kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀. Ó ń mí bí ẹni tó sáré gòkè. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ọmọbìnrin náà kò tọrọ àyè mọ́. Ó lọ sẹ́yìn ilé adìyẹ, ó tẹ fóònù.

Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí Nọ́ọ̀sì Alálùpùpù fi dé géètì. Gbogbo oko agbègbè náà ló mọ̀ ọ́n, òun ló ń gún àwọn ọmọ wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó di ìbòmú mọ́mú mọ́nu. Kò gba ẹnu ọ̀nà. Ó yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó kan fèrèsé.

"Ẹ ṣí i."

"Nọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ á wọlé," ni Ìyá Ṣọ́ra wí.

"Ohun tí mo fẹ́ kó wọlé gan-an nìyẹn, Màmá. Ẹ ṣí i. Ẹ ṣí èkejì náà. Kí gbogbo yín wá di ìbòmú."

Nígbà tó wọlé, ó fi nǹkan kékeré kan há ìka Ìyá Àgbà, ó dà bí èyí tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn. Nọ́ńbà tó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe kù sí nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn yọ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó sì pe ọkọ̀ aláìsàn lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣàìsàn nínú ilé. Wọ́n ní Ìyá Àgbà nìkan ni.

"Kò sẹ́ni tí orí fọ́, tára ń ro? Kò sẹ́ni tí kò gbóòórùn, tí oúnjẹ ò dùn lẹ́nu ẹ̀?"

Adìyẹ ń ké lóde. Ọmọbìnrin náà wo ìyá rẹ̀, ó sì yára gbójú sílẹ̀. Láti ibi tí Ìyá Ṣọ́ra dúró, ó ń rí ègé aṣọ búlúù náà tó fi kọ́ ìṣó nínú ilé ìdáná, pẹ̀lú àpá áyọ́ọ̀nù dúdú lára rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.

Ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì. Ṣọ́ọ̀bù olówùú. Áyọ́ọ̀nù. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ìjókòó wọn nídìí férémù. Fèrèsé. Àkísà abẹ́ ilẹ̀kùn. Òwú tó ń fi ẹnu rẹ. Nọ́ọ̀sì kò pariwo mọ́ ọn. Ìbá dára bó bá pariwo.

"Aṣọ tẹ́ ẹ sè yẹn, ìmọ́tótó ò burú," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Àmọ́ ara aṣọ kọ́ ni àrùn yìí ń gbà ranni jù. Inú èémí ni. Ẹ wò ó bí èéfín sìgá. Bí ẹnì kan bá ń fa sìgá nínú yàrá tẹ́ ẹ tì, ṣé ẹni tó jókòó tì í ò ní fa èéfín ẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ lèémí ẹni tó ní kòrónà ṣe rí. Ẹ ò kàn rí i ni. Bẹ́ ẹ bá ṣí fèrèsé, á fẹ́ lọ. Bẹ́ ẹ bá tì í, á máa pọ̀ sí i nínú yàrá ni."

Ìyá Ṣọ́ra bèèrè bóyá ó ti pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì ní òun kò ní parọ́ fún un. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle ló yẹ kí wọ́n ti pè, nígbà yẹn ni atẹ́gùn ọ́síjìn tí wọ́n ń fi sí aláìsàn nímú nílé ìwòsàn máa ń ṣiṣẹ́ jù. Àmọ́ wọ́n á gbìyànjú.

Nígbà tí wọ́n ń gbé Ìyá Àgbà jáde, ó na ọwọ́. Ìyá Ṣọ́ra dúró lókèèrè bí wọ́n ṣe ní kó dúró.

"Ìyàwó mi," ni ìyá náà wí. Ó mí. "Èmi ni mo ní... kẹ́ ẹ ti fèrèsé." Ó tún mí. "Nítorí òwú. Má dá a rù."

Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n pe fóònù láti ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e. Ó kàn ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣé. Lẹ́yìn náà ó lọ fún àwọn adìyẹ lómi, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fún wọn tẹ́lẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ara ọkọ gbóná. Ìyá Onímàlúù fi ọjọ́ mẹ́rìnlá wúkọ́ lódìkejì wáyà, kí Ọlọ́run tó dá a sí. Ṣùgbọ́n ní ti ọkọ, wọn kò dúró. Wọ́n fi í sí yàrá ọ̀tọ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ nìkan ló ń gbé oúnjẹ fún un pẹ̀lú ìbòmú. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí kúkúrú, Ìyá Ṣọ́ra fúnra rẹ̀ ló tẹ nọ́ńbà náà. Ó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Ọkọ rẹ̀ lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ilé ìwòsàn. Ó gbẹ bí pòpórò nígbà tó dé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọlé. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí Ìyá Ṣọ́ra mọ̀ tí wọ́n gbé lọ tó padà.

Ìbora náà ṣì wà lórí férémù. Fún ìgbà pípẹ́ kò lè wo ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Òwú fò lóòótọ́. Ọmọ náà bá rò ó, ó tẹ́ òwú náà ní díẹ̀díẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó fi píìnì kàn án mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò fò mọ́.

Ìyá Ṣọ́ra dúró, ó ń wo àwọn píìnì náà. Wọ́n ní páálí píìnì kan nínú ilé láti ọjọ́ yìí.

Òun nìkan ló jókòó sídìí férémù rán èyí tó kù. Ìyá Onímàlúù rán ègé tirẹ̀ nílé tirẹ̀, ó fi kọ́ wáyà fún un. Abọ́ omi kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ṣọ́ra tó fi ń rẹ òwú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì olóògbé bàbá ọkọ rẹ̀, ó rán ègé aṣọ búlúù náà mọ́ ọn pẹ̀lú ibi tó jó. Àbíkẹ́yìn pè é lórí fóònù nígbà tó gba ìbora náà, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó bèèrè ohun tó dé tí aṣọ jíjó wà níbẹ̀. Ìyá Ṣọ́ra sọ fún un, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Àbíkẹ́yìn rẹ ọmọ náà lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Ó máa wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú sókè wo fèrèsé yín.

Bí èèyàn bá ju ẹyọ kan lọ nínú yàrá, ẹ ṣí i. Bí iṣẹ́ bá pa yín pọ̀, ìránṣọ ni o, irun dídì ni o, àgbàdo yíyàn ni o, ẹ gbé e jáde síta, kẹ́ ẹ sì jìnnà síra yín. Ìbòmú tó wà ní àgbọ̀n kì í ṣe ìbòmú, imú àti ẹnu ni kó bò. Ẹ fọwọ́ yín, ẹ fọ aṣọ yín, ìyẹn náà dára, àmọ́ ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Ohun tó bá ti wọnú ẹnu ẹnì kan, kó má kan ọwọ́ ẹlòmíràn.

Bí ẹnì kan bá ní òun ò gbóòórùn mọ́, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Kí onítọ̀hún lọ dá wà ní yàrá tirẹ̀, pàápàá kó jìnnà sí àgbàlagbà, kó sì ké sí elétò ìlera. Bí èémí bá sì ti ń kúrú, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe ilé ìwòsàn ló pa Ìyá Àgbà. Ọjọ́ méjì tí wọ́n fi dúró ló dá kún un.

Ẹ ṣí fèrèsé. Bí òwú bá fò, ẹ jẹ́ ó fò. Òwú ṣeé ṣà nílẹ̀.